Ẹni Tó Kó O Kì í Gbàgbé: Ọ̀rọ̀ Lórí “Mo Rántí” Nínú Ewì Wa

Ìwé wa tún ti dé, fọ́tòkópì rẹ̀ sì tún dúdú ní igun kan bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò mú ewì wá. Ẹjọ́ ni mo mú wá, ara mi ni mo sì máa kọ́kọ́ rò ó mọ́ kí n tó kàn yín.

Nígbà tí ìtẹ̀jáde tó kọjá jáde, mo jókòó síwájú hóstẹ́ẹ̀lì wa, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo mú bírò, mo ń fa ìlà sábẹ́ ibikíbi tí akéwì bá ti sọ pé “mo rántí”. Kí n tó dé àárín ìwé, ọwọ́ ti ń dùn mí. Ẹnì kan rántí òṣùpá. Ẹnì kan rántí àlọ́ lábẹ́ òṣùpá. Ẹnì kan rántí ìyá àgbà tó ń pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá. Ẹ gbà mí o! Ṣebí a mọ ara wa. Ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wa dàgbà sí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò la fi ń sùn, fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n ló sì pàlọ́ fún wa. Níbo la ti wá rí gbogbo òṣùpá yìí? Inú ìwé kíkà pámárì ni, àbí mo parọ́?

N kò sọ pé kò sí ẹni tó jókòó sábẹ́ òṣùpá láàárín wa o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó jókòó níbẹ̀ lóòótọ́ á rántí nǹkan mìíràn mọ́ ọn: yànmùyánmú tó ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó sùn lé e léjìká tó ń da itọ́ sí i lára, ibi tí àlọ́ náà dé kí oorun tó gbé òun náà lọ. Ìrántí tí kò ní yànmùyánmú nínú, ìrántí ta ni? Ó dà bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sí ilé afọ́tò. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, kò sì sí ẹni tó lè wọ̀ ọ́ relé.

Mo ti ń múra láti fi ọ̀rọ̀ yìí nà yín ní pàṣán nígbà tí tèmi bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ ó rántí ewì mi tó wà nínú ìtẹ̀jáde náà, èyí tí mo kà ní ìpàdé tí ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún. Yànmùyánmú wà nínú tèmi dáadáa. Nínú ewì náà, mo jẹ́ ọmọ kékeré, omi ẹ̀kọ gbígbóná dà sí mi lẹ́sẹ̀ ní oko. Ìyá àgbà fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé ẹsẹ̀ náà, wọ́n pọ̀n mí, wọ́n gbéra lóru nínú òjò, ó di Ìṣẹ́yìn. Mo rántí òórùn ìró wọn tó ti rin. Mo rántí bí èémí wọn ṣe ń lọ sókè-sódò létí mi. Mo rántí pé wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgòrò láti so ọ̀já tó tú. Ẹ ní ewì náà dùn. Olùkọ́ wa kan tilẹ̀ ní àwọn gbọ́ òjò nínú rẹ̀. Orí mi wú.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo mú ẹ̀dà kan lọ sílé n'Íbàdàn. Mo kà á sí màámi létí nínú ilé ìdáná. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, “Ó dáa o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ. Bọ̀ọ̀dá ẹ ni. A ò tíì bí ẹ nígbà yẹn.”

Mo ní, “Màámi, èmi ni. Mo rántí.”

“O rántí kí ni? Wo ẹsẹ̀ ẹ.”

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Kò sí àpá kankan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí mo ti ń wẹ̀ láti ogún ọdún ó lé, n kò bi í léèrè rí pé níbo ni àpá rẹ wà.

Ìgbà tí bọ̀ọ̀dá mi ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká ṣòkòtò sókè. Mẹkáníìkì ni wọ́n, òróró mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àpá náà wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti kókósẹ̀ títí dé ìdajì ojúgun, ó ń dán. Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rántí nípa òru ọjọ́ náà. Wọ́n ní, “Mi ò rántí nǹkan kan o. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà yẹn. Wọ́n kàn sọ fún mi ni.”

Ẹ rí ọ̀ràn? Ẹni tó ní àpá kò ní ìrántí. Èmi tí mo ní ìrántí, n kò ní àpá.

Màámi ló là á yé mi. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìṣẹ́yìn, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ pámárì. Bọ̀ọ̀dá mi wà pẹ̀lú àwọn òbí wa n'Íbàdàn. Lálaalẹ́, ìyá àgbà á fi àdín pa mí lẹ́sẹ̀ kí n tó sùn, wọ́n á sì máa sọ ìtàn òru ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe ń pa á. Wọn kì í dárúkọ. “Ọmọ mi” ni wọ́n máa ń wí. Ọmọ wọn sì ni àwa méjèèjì. Màámi ní, “Ẹ̀gbọ́n ẹ ni wọ́n ń ṣàárò. Ìwọ lo wà nítòsí.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe gba ara ẹsẹ̀ mìíràn wọlé.

Mo gbé ọ̀ràn yìí lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka fílọ́sọ́fì. Ó ní ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, John Locke, ti sọ nípa rẹ̀ tipẹ́, nínú orí tó fi kún ìwé ńlá rẹ̀ nígbà tí ìwé náà jáde lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1694. Locke ní kì í ṣe ara ló ń sọ ènìyàn di ẹni tó jẹ́. Ibi tí iyè ènìyàn bá lè nà dé lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ẹni náà dé. Ohun tí o bá lè rántí pé ìwọ lo ṣe é, tìrẹ ni. Èyí tí iyè rẹ kò bá lè kàn mọ́, kì í ṣe tìrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ ló ṣe é.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni omi ẹ̀kọ jó, bọ̀ọ̀dá mi kàn ń bá mi gbé àpá mi kiri ni. Ọ̀rẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní Locke fúnra rẹ̀ rí ihò yẹn. Ó béèrè pé ṣé ènìyàn kò lè máa rántí ohun tí ẹlòmíràn ṣe bí ẹni pé òun ló ṣe é. Kò rí ohun tó lè fi dí ihò náà pa, oore Ọlọ́run ló fi lé lọ́wọ́: ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mú ẹnìkan jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Èmi ò bá Ọlọ́run du nǹkan kan o, ṣùgbọ́n ewì mi ti jáde ná.

Mo bá padà sílé, ìyẹn sínú èdè tí mo ń kà. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ wa wò dáadáa. Iyè ni Yorùbá ń pe ibi tí ìrántí ń gbé nínú ènìyàn. Ìyè ni a ń pe wíwà láàyè. Ohùn orí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Síbẹ̀, bí iyè ẹnìkan bá ra, a kì í sọ pé ẹni náà ti kú. Àwọn tó yí i ká ló máa ń bá a gbé iyè rẹ̀.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Yorùbá kò da gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n kan. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níwájú mi, màá ní ó ṣojú mi. Tó bá jẹ́ pé mo ti wà láyé nígbà náà, tí mo sì lè sọ díẹ̀ níbẹ̀, màá ní mo níran rẹ̀. Tí kò bá sí nínú ìgbà tèmi, màá ní n kò níran rẹ̀, wọ́n ní ni. Tó bá ti fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́ tó wá padà sí mi lọ́kàn, ìgbà náà ni màá ní mo rántí. Ẹni tó bá ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́ kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Wọn á bi í: ṣé ó ṣojú ẹ ni àbí wọ́n sọ fún ẹ? Ìyá eléwé lọ́jà pàápàá á béèrè. Àwa akéwì nìkan la kó gbogbo rẹ̀ jọ tí a pè é ní “mo rántí”. Mo sì mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Nínú ọ̀pọ̀ ewì Gẹ̀ẹ́sì tí a kà ní sẹ́kọ́ńdírì, akéwì á dá jókòó, á máa bá iyè ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò ní sí ẹlòmíràn níbẹ̀. A kọ́ ìjókòó yẹn, a sì rò pé òun ni ewì.

Ẹ wo oríkì. Obìnrin tó ń ki ọmọ kò ní sọ pé “mo rántí”. Ìwọ gan-an ló ń bá wí. Ó ń ka ohun tí baba ńlá rẹ ṣe sí ọ létí, èyí tí ìwọ kò níran rẹ̀, tí òun náà kò sì níran rẹ̀, orí rẹ á sì máa wú. Kò sí ẹni tó máa pè é ní òpùrọ́, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnu àgbà ló ti gbà á. Nínú oríkì, ẹlòmíràn ló ń bá mi rántí ara mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo òbí ń sọ ní gáréèjì tí ọmọ bá ń padà síléèwé: rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe. Wọn kò ní kí n rántí ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ ẹni tí mo jẹ́ ni wọ́n ní kí n rántí.

Ọ̀rọ̀ orí tún wá jìn ju èyí lọ. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé ènìyàn kúnlẹ̀ lọ́run, ó yan ìpín rẹ̀, òun là ń pè ní àkúnlẹ̀yàn. Nígbà tó délé ayé tán, ó gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i: ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa mi, èyí tó sọ mí di èmi, òun gan-an ni n kò lè rántí. Ọ̀rúnmìlà ló ń jẹ́ Ẹlẹ́rìí-ìpín, torí pé ó wà níbẹ̀, ó ṣojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ọmọ tuntun lọ sọ́dọ̀ babaláwo láti mọ irú ẹsẹ̀ tó mú wáyé. Ẹ má sọ pé ẹ̀sìn ni mo ń kọ́ yín o. Mọ́ṣáláṣí là ń lọ nílé wa. Ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ ni mo ń sọ. Locke ní èmi ni ohun tí mo rántí. Àwọn baba wa ní èmi ni ohun tí mo gbàgbé, tí ẹlòmíràn sì jẹ́rìí sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un wá sórí ìwé kíkọ. Nínú kíláàsì, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, la sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá. Àmọ́ ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀ ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ti di ìwé l'Ékòó. I. B. Thomas ló kọ ọ́. Láti 1929 wọ 1930 ló ti kọ́kọ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Thomas fúnra rẹ̀ jẹ́ olóòtú rẹ̀. Karin Barber tún un tẹ̀ jáde ní 2012, Yorùbá rẹ̀ àti ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, nítorí náà kò sí àwáwí fún ẹni tó bá ní òun ò rí i kà.

Ẹ wo orúkọ ìwé náà ná: ìtàn ìgbésí ayé èmi. Èmi! Obìnrin kan tí àìsàn ti wó mọ́lẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, ó ń jẹ́wọ́ bí òun ṣe fi ọjọ́ ayé òun ṣòfò láàárín àwọn ọkùnrin. Ó ń fi orúkọ àwọn ènìyàn pamọ́, ṣùgbọ́n ó ń dárúkọ àdúgbò àti òpópónà Èkó. Ó tún ń rán òǹkàwé létí orin tó gbòde nígbà èwe rẹ̀. Àwọn ará Èkó tó ń ka ìwé ìròyìn náà mọ òpópónà yẹn, wọ́n mọ orin yẹn, iyè tiwọn náà sì ṣí. Àwọn kan gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n ń kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Thomas ló jókòó tó kọ gbogbo rẹ̀. “Èmi” náà kì í ṣe òun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú iṣẹ́ Thomas ni èyí: Ṣẹ̀gilọlá kò sọ fún òǹkàwé pé “ẹ gbà mí gbọ́, ó dùn mí”. Ibi tí òǹkàwé lè fẹsẹ̀ rìn dé ló ń tọ́ka sí. Ìrántí òǹkàwé ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Òṣùpá tí a ń kọ nínú ìwé wa kò ní òpópónà, kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí sí i.

N kò sọ pé ìwé náà kò ní àléébù. Ìwàásù rẹ̀ pọ̀. Bí ìrántí bá ti fẹ́ dùn báyìí, ẹ ó rí i tí obìnrin náà á yà sínú Bíbélì, á ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi òun kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ka ibi tó ti ń rántí ẹwà rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ló ronú pìwà dà, ìrántí rẹ̀ kò tíì ronú pìwà dà rárá. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé Thomas mọ iṣẹ́. Ẹni tó ń purọ́ nípa ìrántí kì í jẹ́ kí ó ta ko ohun tó ń sọ.

Ẹ wá fi Fágúnwà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ, Akàrà-oògùn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí kọ́ ló kọ ìwé. Ó wá bá òǹkọ̀wé nílé, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé, òun á máa sọ, kí òun náà máa kọ. Nítorí náà, ìwé méjì tó wà ní ìpilẹ̀ ìtàn àròsọ wa, ẹnu kan ló ń sọ “mo”, ọwọ́ mìíràn ló ń kọ ọ́. Fágúnwà fi ọwọ́ náà hàn wá. Thomas fi tirẹ̀ pamọ́, ó sì mọ̀ pé òun fi í pamọ́. Èmi ńkọ́? Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ kan wà.

Ẹnìkan nínú yín lè sọ pé, “Kí ló wá burú? Ṣebí ewì ni. Thomas náà kì í ṣe Ṣẹ̀gilọlá.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan tó máa ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ kó ka ìwé náà. Bọ̀ọ̀dá mi wà.

Wọ́n ka ewì náà tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn kò bínú. Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá tilẹ̀ sàn fún mi. Wọ́n ní, “O kọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ o ò bi mí.”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, n kò mọ̀ pé tiyín ni.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé látìgbà táwọn ti wà ní pámárì ni àwọn ọmọ kíláàsì ti ń fi ẹsẹ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í wọ ṣòkòtò péńpé. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbá bọ́ọ̀lù, tí àwa sì máa ń rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Inú ilé kan náà la jọ dàgbà sí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìṣẹ́yìn, n kò mọ̀. Wọ́n ní, “Ohun tí mo ti ń fi ṣòkòtò bò láti kékeré, òun lo fi gba àtẹ́wọ́.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó ti ẹ̀ dáa pé o ní ìwọ ni. Wọn ò ní mọ̀ pé èmi ni.”

N kò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí n tó kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, mo pè wọ́n lórí fóònù, mo bi wọ́n bóyá kí n kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ àwọn.

Ó ku ẹnìkan. Mo gba Ìṣẹ́yìn lọ kí ìsinmi tó parí. Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, ẹ má bínú sí ẹnu mi: ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹni àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ la sábà máa ń fi òwe náà wí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ bó ṣe wà gan-an. Ọmọ ọwọ́ ló ṣu. Ìyá ló kó o. Ọmọ náà kò ní rántí láéláé, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn wà nínú ayé rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ayé gbogbo wa wà lọ́wọ́ ẹni tó kó o. Òwe náà ti gbàgbọ́ pé ẹni yẹn kò ní gbàgbé. Kò sọ ohun tí a máa ṣe nígbà tí ẹni tó kó o náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé.

Ìyá àgbà kò mọ ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ mọ́. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ìgbà wo ni mo dé. Wọ́n ń fi orúkọ bọ̀ọ̀dá mi pè mí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko yẹn ṣì wà, òjò náà ṣì wà, ọ̀já náà ṣì tú. Igi máńgòrò nìkan ló ti yí padà, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní igi ìyeyè ni. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ mi, wọ́n bi mí pé, “Ẹsẹ̀ yìí ti jinná?”

Mo ní, “Ó ti jinná, mà.”

Ẹ má pè é ní irọ́. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ká ṣòkòtò sókè kí n fi hàn wọ́n pé ọmọ tí wọ́n rù nínú òjò kọ́ nìyí? Ìdáhùn tí wọ́n ń wá kì í ṣe tèmi, ti òru ọjọ́ náà ni, ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ wọn ló sì lè bá wọn dáhùn. Inú yàrá ìyá àgbà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ kan náà kúrò nínú yàrá yẹn tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, tí mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, ó ti di nǹkan mìíràn. Ohun tó jẹ́ ìtọ́jú nínú ilé lè di olè jíjà nínú ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin akéwì, èmi ò ní ká má kọ ìrántí mọ́. Kí la máa wá kọ nígbà náà? Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí o tó kọ “mo rántí”, bi ara rẹ bí ìyá eléwé ṣe máa bi ọ́: ṣé ó ṣojú ẹ ni, ṣé o níran rẹ̀ ni, àbí wọ́n sọ fún ẹ? Tó bá jẹ́ pé wọ́n sọ fún ẹ, má tijú. Fi ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀ nínú ewì, jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun náà wà lára ẹni tí o jẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé àpá náà wà lára ẹnìkan tó ṣì wà láàyè, lọ bi í.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti mú ewì náà sọ̀kalẹ̀, mo ń tún un kọ. Gbogbo ibi tí “mo rántí” wà ni mo fi “wọ́n ní” sí. Kí n má tàn yín, òjò inú rẹ̀ dínkù. Olùkọ́ wa lè má gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wọlé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: yàrá kan ní Ìṣẹ́yìn, àtùpà ń jó, àdín nínú ṣágo kékeré, ọwọ́ àgbàlagbà tó le bí èèpo igi tó ń lọ tó ń bọ̀ lára ẹsẹ̀ ọmọdé tí nǹkan kan kò ṣe rí. Ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ó ṣojú mi.

Màá kà á ní ìpàdé tó ń bọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó mú ewì òṣùpá rẹ̀ dání wá.